Mo Sín Ọ̀rẹ́ Mi Jẹ Fún Àwọn Oníbodè

Mi ò fi ọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi, mi ò fi májèlé sí oúnjẹ rẹ̀, mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kú... síbẹ̀ èmi ni mo pa á, ẹnu ni mo sì fi pa á. Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn níbí, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé bó bá jẹ́ èmi ni, báyìí báyìí ni ǹ bá ṣe. Ọ̀rọ̀ wá kàn mí wàyí, ọgbọ́n tán nínú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ẹ sáà bá mi wá ọ̀nà.

Dírẹ́bà tírélà ni mí. Òrégùn la ti máa ń kó ọjà, ọṣẹ, bísíkíìtì, ìgò, ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ bá gbé fún wa, a ó gbé e gba Ọ̀gbà lọ sí Agége, lọ sí Ìfàkò-Ìjàyè, nígbà mìíràn a ó gbé e kọjá sí Ọ̀tà. Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi ní abúlé, obìnrin tó lè fi ẹnu kọ́lé kó sì fi ẹnu gbé èèyàn sínú rẹ̀, àlọ́ rẹ̀ ni mo fi dàgbà, òun nìkan sì ni ogún tí mo gbé wá sí Èkó. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ohùn ewúrẹ́ lẹ ó gbọ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká, àwọn tó jókòó á máa wẹ̀yìn wò bóyá arúgbó náà ti dé. Nínú gáréèjì wa kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Bàbá Àlọ́ ni wọ́n ń pè mí, àti ọmọdé àti àgbà.

Àdìsá ni ọ̀rẹ́ mi, ìgò ni ó sábà máa ń kó. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà, abọ́ kan náà la fi jẹun nígbà tí a kò ní ju ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan lọ, òun ló wá bá mi tọrọ ìyàwó, èmi ni mo bá a tọrọ Ìyá Bùkọ́lá. Àwọn àgbà ní eléjì lọ̀rẹ́ gbà, ọ̀rẹ́ ò gbẹlẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa méjèèjì ṣe rí. Ohùn rẹ̀ há, ó nípọn, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò ẹrù nílẹ̀. Bí nǹkan bá dùn ún, kì í ṣe yéè tí gbogbo ayé ń ké ló máa ń ké, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló máa ń pè, oríkì ìyá náà ló sì fi ń pè é: Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ rèé o! Bí òkúta bá gún un lẹ́sẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Bí eyín bá ń dùn ún, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ké bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wa ọkọ̀ ẹrù lè má mọ ohun tí ojú wa ń rí. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni gbogbo kánsù ti rántí pé ọ̀nà gba àdúgbò wọn kọjá. Ọkọ̀ kékeré ń kọjá, wọn ò wò ó, ṣùgbọ́n bí tírélà bá yọ lókèèrè, ojú wọn á là bíi ti ẹni tó rí àlejò tó gbé ẹrù wá. Kánsù tibí ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kánsù tọ̀hún ní tirẹ̀, bí ẹ bá fi ti ibí han ará ọ̀hún, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, á ní bàbá, ìwé wo tún nìyí? Kì í sì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ kánsù fúnra wọn ló ń dúró sójú títì o, àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe ni, géńdé géńdé, wọ́n á wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn sórí ẹ̀wù wọn, wọ́n á gbé pákó gígùn dání tí wọ́n kan ìṣó mọ́, ẹnu ìṣó sì kọjú sókè. Bí ẹ bá ti dúró, wọ́n á ti ọ̀kan síwájú táyà, wọ́n á ti ìkejì sẹ́yìn. Ó parí nìyẹn. Ìyá mi àgbà a máa sọ̀rọ̀ àwọn oníbodè nínú àlọ́, àwọn tó ń jókòó sẹ́nu bodè ìlú tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń ru ẹrù kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn onípákó yìí ni mo ní àwọn oníbodè ìyá mi àgbà rèé, wọ́n ti dé Ìkẹjà. Gbogbo gáréèjì gba orúkọ yẹn lẹ́nu mi, oníbodè ni a sì ń pè wọ́n dòní.

Àdìsá ò lè gba pé kí èèyàn san owó ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó wá dá idán kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn oníbodè, mọ́tò-bọ̀ì rẹ̀, Mùfú, (mọ́tò-bọ̀ì là ń pè é o, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ ni) á da omi lé e lórí àti láyà, kí ẹ̀wù rẹ̀ lè rin gbindin bíi ti ẹni tó ń làágùn ikú. Á fi róòbù díẹ̀ ra abẹ́ ojú, omi á máa dà pòròpòrò. Àdìsá á wá dorí kọ sítẹ́rìn, á máa kérora, á máa pe Àbẹ̀kẹ́. Mùfú á fò bọ́ sílẹ̀, á ká ọwọ́ lérí, á ní ọ̀gá mi ń kú lọ o, ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ọsibítù o, ẹ ṣàánú mi! Ta ló fẹ́ kí òkú ẹni ẹlẹ́ni sùn lé òun lọ́wọ́ lójú títì? Kíá ni wọ́n á fa pákó kúrò, àwọn mìíràn á tiẹ̀ bá a dá ọkọ̀ dúró kó lè ráyè kọjá. Kì í ṣe é lójoojúmọ́, ó ń fi ààyè sí i, èyí ló fi pẹ́ tí wọn ò fura. Ìyá Bùkọ́lá mọ̀, ó sì máa ń bá a jà gan-an pé èèyàn kì í fi àìsàn ṣeré, pé àìsàn ní etí, bí wọ́n bá ń pè é, á dáhùn. Àdìsá á rẹ́rìn-ín, á ní kó lọ gbé oúnjẹ wá. Lẹ́yìn obìnrin yìí, àwa mẹ́ta péré la mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Àdìsá. Mùfú. Èmi.

Èmi ò ṣe irú ìyẹn rí. Àlọ́ lèmi fi ń san owó bodè tèmi. Ọjọ́ kan ni ó bẹ̀rẹ̀, mo ń dúró kí mọ́tò-bọ̀ì mi wá tíkẹ́ẹ̀tì jáde nínú àwọn ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ìjókòó, oòrùn mú, ojú gbogbo èèyàn ti pọ́n, mo bá fi Ìjàpá àti oníbodè kan pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kúnlé, ọkùnrin tí n kò rí eyín rẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé bọ́ǹpà ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí orí ọkọ̀ mi lókèèrè, wọ́n á ti máa pariwo: "Bàbá Àlọ́ dé! Baba, no story, no road o!" Èmi náà á yọrí síta, màá ní ààlọ́ o! Wọ́n á ní ààlọ̀! Wọ́n á fa pákó. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi máa ń dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Àwọn ọmọ tèmi nílé, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò, bí mo bá ní kí wọ́n wá gbọ́ àlọ́, wọ́n á ní dádì, ẹ jẹ́ ká wo eléyìí tán. Ẹ wá wo àwọn géńdé onípákó ìṣó bí wọ́n ṣe ń yí mi ká bí ọmọ ọdún méje. Ta ni kò ní wù?

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ti bínú sí wọn, wọ́n ní owó tó ń wọlé kò tó, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Wọ́n ti pákó síwájú táyà mi. Mo dá Ìjàpá sílẹ̀, Kúnlé ní bàbá, a ti gbọ́ ìyẹn. Mo mú òmíràn, ó ní a ti gbọ́ ìyẹn náà, ẹ fún wa ní tuntun, bí kò bá sí tuntun, ẹ jẹ́ ká rí tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wá inú mi kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́... kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àpò ìyá mi àgbà ti gbẹ. Àwọn èèyàn yìí dúró, wọ́n ń wò mí, ojú ń tì mí ju bí owó ṣe ń dùn mí lọ. Ohun tí ẹnu mi wá rí mú ni Àdìsá. Mi ò dárúkọ rẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò dárúkọ rẹ̀. Mo ní ní ìlú kan, ọlọ́kọ̀ kan wà tí kì í fẹ́ sanwó bodè... mo da omi lé e lórí, mo fi róòbù ra á lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ìkérora, ọ̀nà ọ̀fun mi ò mọ bí a ṣe ń kérora ní ohùn ẹni tí kò sí. Ohùn Àdìsá ló jáde. Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ rèé o! Mo sín in jẹ débi pé bí ìyá rẹ̀ bá jí dìde, èmi ló máa wá gbà mọ́ra.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ń nu ojú, ó wá ní ẹ dúró ná, mo mọ ohùn yìí... àbí kì í ṣe bàbá ọlọ́kọ̀ ìgò yẹn ni? Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mo díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n fa pákó, mo gun ọkọ̀, mo lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ló dé tí mi ò sọ fún Àdìsá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? A jọ jókòó, a jọ mu omi nínú ike kan náà. Kí ló ń ṣe mí? Ṣé kí n ní ọ̀rẹ́ mi, mo ti fi ọ́ ṣe àlọ́ fún àwọn oníbodè, má ṣe idán yẹn mọ́? Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la dé, mo tún ní lọ́la. Bẹ́ẹ̀, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́... èmi tí mo ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ gáréèjì!

Kò pẹ́ sí i ni ọjọ́ náà dé. Òwúrọ̀ ni, Òrégùn la wà, wọ́n ń di ìgò sí ọkọ̀ Àdìsá. Mo rí i tó ń fọwọ́ ra àyà. Mo bi í, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé òun láyà láti ìdájí. Mo ní kó lọ sílé, kí Mùfú dúró ti ọkọ̀. Ó ní rárá, òun á já ẹrù ní Agége ná, òun á wá gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n mo wò ó, mo ní ẹni tí ara ń dùn, ṣé òun ni ó tún máa lọ ṣe idán lójú ọ̀nà? Kò ní ṣe é. Á sanwó, á kọjá. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo jókòó de ẹrù tèmi.

Ohun tí Mùfú sọ fún wa nìyí. Ó ní nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀gbà, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀gá òun, ọ̀gá ní ooru ń mú òun, kí Mùfú da omi sí òun láyà. Mùfú da omi sí i. Omi ni o, omi lásán láti fi tù ú lára! Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbodè, Àdìsá ti fi tipátipá tẹ bírékì, ó dorí kọ sítẹ́rìn. Mùfú fò bọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní ọ̀gá mi ń kú lọ o. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a ti mọ idán yín, wọ́n ti sọ fún wa! Wọ́n ti pákó síwájú, wọ́n ti pákó sẹ́yìn. Mùfú kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àbúrò, ìwọ gan-an mọ eré ṣe, wọ́n á mú ọ lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Àdìsá kérora lókè lọ́hùn-ún, ó pe ìyá rẹ̀, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yọ̀ sórí fèrè ọkọ̀. Fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò dákẹ́. Wọ́n ní kó yé fun fèrè o, owó ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba ariwo. Fèrè ò dákẹ́. Ìgbà tí ẹ̀rín wá kúrò lẹ́nu wọn ni Kúnlé gun òkè, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó sì ju pákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú gọ́tà. Àwọn gan-an ló gbé e, àwọn ló dá ọkọ̀ dúró, àwọn ló ń sunkún wọ ọsibítù. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ.

Lẹ́yìn tí a sin ín, Kúnlé wá mi wá sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe. Kò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní bàbá, àwọn dírẹ́bà máa ń purọ́ àìsàn fún wa, ìyẹn kọ́ ló ń yà mí lẹ́nu, bí ẹ kò bá ṣe ohùn yẹn fún wa ni, ẹ̀rù á bà mí, màá jẹ́ kó lọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń jẹ́ kó lọ tẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkùnrin yẹn kérora, ẹ̀yin ni mo gbọ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tiẹ̀ dáhùn pé ààlọ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi... ọ̀rẹ́ mi ń pe ìyá rẹ̀ kó wá gbà á lọ́wọ́ ikú, ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn ni ààlọ̀. Kúnlé ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ń padà sí ìlú àwọn, òun ò sì ní sọ ẹni tó sọ fún àwọn. Ó lọ. Àwọn tó kù níbẹ̀ ti fọ́nká, wọ́n ti kó àwọn ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

Ǹ bá pa á mọ́ o, àfi Mùfú. Òótọ́ tí Mùfú sọ ló kó bá a. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ìyá Bùkọ́lá pé wọ́n ní wọ́n ti sọ fún wa. Obìnrin náà gbé orí sókè láàárín ẹkún, ó ní ta ló sọ fún wọn? Ta ló mọ̀? Ó wo èmi, ó wo Mùfú, ojú rẹ̀ sì dúró sára Mùfú. Ó ní Bàbá Àlọ́ ò lè ta Àdìsá, ọmú kan náà ló kù kí wọ́n jọ mu. Mo jókòó níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn dírẹ́bà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé Mùfú àti ọ̀gá rẹ̀ jà nígbà kan, pé wọ́n ti rí i níbi tó ti bá àwọn oníbodè jẹ búrẹ́dì. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó gbé e sínú ọkọ̀ mọ́. Bó bá wọ gáréèjì, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ta omi inú ọ̀rá, àwọn èèyàn wa kì í rà á mọ́. Mo máa ń rà á. Mo máa ń rà á, mi ò sì lè mu ún.

Èyí tó burú jù ni ti ọ̀dọ̀ Ìyá Bùkọ́lá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí wọn, ó bu oúnjẹ fún mi nínú abọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní kí abọ́ náà má baà di abọ́ lásán. Àbíkẹ́yìn wọn, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wá jókòó sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní Bàbá Àlọ́, ẹ ṣe ohùn bàbá mi. Mo ní kí ló wí? Ó ní mọ́mì ní ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún un, ó ti ń gbàgbé. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ṣe é. Mo fi ohùn bàbá rẹ̀ pè é, mo ní kó wá gba ẹran lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dúpẹ́, ẹ gbọ́ mi? Ó ní bí kò bá sí tèmi, ohùn náà ì bá ti wọ ilẹ̀.

Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i báyìí. Bí a bá ti ṣe àdúrà ogójì fún Àdìsá tán, gbogbo dírẹ́bà á pé jọ sí gáréèjì, Mùfú á sì búra. Ààfáà ní kó gbé ọwọ́ lé Kùránì, àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ ní irin la fi ń jẹun, irin ni kó fi ẹnu kàn. Sípánà ìdí táyà tí Àdìsá ń lò ni wọ́n máa mú wá. Ẹni tó bá di irin náà mú ló máa sọ ọ̀rọ̀ sí i, pé ẹnu tó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn oníbodè, kí irin má ṣe dá olúwa rẹ̀ sí. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní ta ni ẹnu rẹ̀ dùn jù nínú wa? Wọ́n ní Bàbá Àlọ́. Mo kọ̀, wọ́n ní kí ló dé, ọ̀rẹ́ yín kọ́? Mo gbà.

Lánàá ni Mùfú wá sí ilé mi. Ó ti gbẹ. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí kí n bá òun dá ọjọ́ náà dúró ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní inú òun dùn pé èmi ni mo máa di irin mú, nítorí èmi ò ní yí ọ̀rọ̀ po, pé kí n sọ ọ́ kó le, kó le gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n fi ojú fo òun. Ó ní òun ò bẹ̀rù, òun kàn fẹ́ kí Ìyá Bùkọ́lá lè wo òun lójú kí òun tó kó ìyàwó òun padà sí abúlé. Mo wò ó títí bóyá ó mọ nǹkan kan. Mi ò rí i ka. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé, bàbá, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́ fún obìnrin yẹn, mo tún pa ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ta ló máa kù fún un? Bí mo bá dákẹ́, tí mo di irin mú, tí mo gé ara mi ní ègún lójú gbogbo ayé, ṣé ìyẹn á dá Mùfú padà sínú ọkọ̀? Àwọn kan á ní kódà bó ṣe búra náà, òògùn ló ní lára. Ṣé kí n sá lọ sí ìlú mi kí ọjọ́ náà tó kò? Ṣé kí n pe obìnrin náà nìkan sí kọ̀rọ̀ ni, àbí kí n jẹ́ kí gbogbo gáréèjì pé kí n sì gbé irin náà lé ẹnu ara mi? Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ òótọ́ kan rí tó ná yín ní ohun tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń wá. Èmi tí mo mọ bí gbogbo àlọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ bí èyí ṣe máa bẹ̀rẹ̀.